Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Ìwé Àṣẹ Iná Afẹ́fẹ́ Orí Òkun Láìsùn Lé E Lórí

Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yìí lé ní 7,000 ojú ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní bí ẹni ń ka ìtàn. Mo ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú, mo ka bí wọ́n ṣe dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo wo àwòrán òkun tí oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn tọ́báìnì, ìyẹn ẹ̀rọ gíga tí afẹ́fẹ́ ń yí láti fi ṣe iná. Nígbà tí mo fi máa dé orí tó sọ̀rọ̀ nípa apẹja, gbèdéke tí aráàlú fi lè kọ̀wé ti kọjá ní ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn apẹja tó rán mi níṣẹ́ kò bá mi jà. Wọ́n kàn wò mí ni. Wíwò yẹn dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá ẹgbẹ́ apẹja ka ìwé. Wọ́n ń lọ sókun, èmi ń jókòó ti tábìlì. Láti ìgbà náà mo ti ka ìwé iṣẹ́ oríṣiríṣi, ti orílẹ̀-èdè tó ju ẹyọ kan lọ, mo sì ti rí i pé kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ líle òfin ló ń ṣẹ́gun aráàlú. Ìbéèrè wọn dára, àmọ́ ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, tàbí kí wọ́n gbé e dé lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn ti tì. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. Apẹja lè lò ó, ẹni tó nílé létí òkun lè lò ó, akọ̀ròyìn náà lè lò ó, àti ẹni tó fẹ́ kí tọ́báìnì wà ṣùgbọ́n tó fẹ́ kí wọ́n ṣe é ire.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ọ̀nà rẹ̀ sí etíkun

Kí ẹ tó ka ohunkóhun, ẹ wá máàpù, kí ẹ wọn bí ibi tí wọ́n fẹ́ ri òpó sí ṣe jìn sí ilẹ̀ tó. Àdéhùn àgbáyé lórí òfin òkun, ti ọdún 1982, ló pín omi náà. Máìlì òkun 12 àkọ́kọ́ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe jẹ́ tirẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ dé máìlì 200, ọkọ̀ gbogbo ayé ló lè gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè náà nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fi afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe iná. Abala 56 dárúkọ afẹ́fẹ́ gan-an, kò fi pamọ́.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tún ní bó ṣe pín tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, máìlì mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀ (Texas ní mẹ́sàn-án), ìyókù jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní BOEM. Tọ́báìnì márùn-ún ti Block Island, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, wà nínú omi ìpínlẹ̀ Rhode Island. Méjìlélọ́gọ́ta ti Vineyard Wind wà nínú omi ìjọba àpapọ̀. Ní England, Crown Estate ló ń bójú tó ìsàlẹ̀ òkun. Scotland ní Crown Estate Scotland tirẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ nọ́ńbà máìlì, ẹ ti mọ ọ́fíìsì tí ẹ máa kọ̀wé sí.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi òpó nìkan wọ̀n ọ́n. Wáyà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bó ti wù kí tọ́báìnì jìn tó, iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ síbì kan, níbi tí wáyà náà bá sì ti gúnlẹ̀, ó máa la omi tó súnmọ́ ilẹ̀ kọjá, níbi tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú lásán rí tọ́báìnì rẹ̀ láti etíkun, síbẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀nà wáyà rẹ̀ gba àárín ibi tí àwọn èèyàn mi ti ń dẹ ìgèrè. Lóbìnrin lọ́kùnrin ló wá sí ìpàdé tọ́báìnì. Èèyàn márùn-ún ló wá sí ti wáyà, méjì nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà.

Ìwé mẹ́ta ni

Àṣìṣe tí mo máa ń gbọ́ jù ni “wọ́n ti gba àṣẹ.” Àṣẹ wo? Ìwé ilẹ̀ wà, ìwé ìyọ̀ǹda wà, ìwé owó wà.

Ìwé ilẹ̀ ló máa ń sọ ẹni tó lè lo ìsàlẹ̀ òkun, fún ọdún mélòó, àti iye tó máa san. Gbàǹjo ni wọ́n sábà máa ń tà á. Ní oṣù Kejì 2022, líìsì (irú ìwé ilẹ̀ yìí) mẹ́fà lójú òkun New York àti New Jersey mú dọ́là bílíọ̀nù 4.37 wọlé. Ẹni tó bá gbọ́ irú owó yẹn á rò pé wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Rárá o. Ẹni tó ra ilẹ̀ ṣì máa lọ gba àṣẹ lórí pílánù. Vineyard Wind gba líìsì ní 2015, ó di oṣù Karùn-ún 2021 kó tó rí ìyọ̀ǹda láti kọ́ ọ. Cape Wind, iṣẹ́ mìíràn ní Amẹ́ríkà, gba tirẹ̀ ní 2010, kò ri òpó kan ṣoṣo mọ́lẹ̀ títí tó fi yọwọ́ ní 2017.

Ìwé ìyọ̀ǹda ni ibi tí aráàlú ti lágbára jù, ibẹ̀ náà sì ni orílẹ̀-èdè ti yàtọ̀ síra jù. Ní England, iṣẹ́ orí òkun tí agbára iná rẹ̀ bá ju mẹ́gáwáàtì 100 lọ (ní Wales, tó bá ju 350 lọ) máa gba abẹ́ òfin Planning Act ti 2008. Àwọn olùyẹ̀wò á fi oṣù mẹ́fà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ní oṣù mẹ́ta láti kọ ìmọ̀ràn, mínísítà á sì ní oṣù mẹ́ta láti dáhùn. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tirẹ̀ kí oṣù mẹ́fà yẹn tó bẹ̀rẹ̀ kì í sábà rí àyè láti sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ yìí ni mo pàdánù nínú ìtàn tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní Dẹ́ńmáàkì, ọ́fíìsì kan ṣoṣo, Danish Energy Agency, ló ń fúnni ní àṣẹ láti ṣe ìwádìí, láti kọ́ ọ, àti láti fi ṣe iná.

Ní Jámánì àti Netherlands, ìjọba ló ń yan ibi tí wọ́n máa kọ́ ọ sí. Ìjọba Netherlands tilẹ̀ máa ń wádìí ìsàlẹ̀ òkun fúnra rẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ kankan tó dá owó. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí, torí pé ẹ óò bá ìjọba jiyàn kí olówó tó ná kọ́bọ̀ síbẹ̀. Àmọ́ ó ní ewu kan tí ọ̀pọ̀ kò fura sí: nígbà tí wọ́n bá ń kun máàpù ni ìbéèrè “kí ló dé tó fi jẹ́ ibí?” ní àyè. Bí BSH, ọ́fíìsì ìjọba Jámánì tó ń bójú tó òkun, bá ti gbé ètò ibi tí tọ́báìnì máa wà jáde, tí wọ́n sì ti ṣe gbàǹjo lé e lórí, ẹni tó bá wá ń sọ pé “ẹ gbé e kúrò níbí,” omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Nítorí náà, bí ẹ bá wà ní orílẹ̀-èdè European Union tó ní etíkun, ẹ wá ètò òkun ibẹ̀, ìyẹn ìwé tó sọ ohun tí wọ́n máa fi apá òkun kọ̀ọ̀kan ṣe. Òfin 2014 sọ pé kí gbogbo wọn ti ní ètò yìí lọ́wọ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2021, kí wọ́n sì máa tún un wò, ó pẹ́ tán, ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ béèrè ọdún tí àtúnwò tó kàn bọ́ sí, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Ní Ọsirélíà, kí mínísítà tó kéde pé agbègbè kan jẹ́ ti iná afẹ́fẹ́, ó gbọ́dọ̀ fún aráàlú ní ọjọ́ 60, ó kéré tán, láti sọ tẹnu wọn. Gippsland ló kọ́kọ́ gba ọ̀nà yẹn, ní oṣù Kejìlá 2022.

Ti owó ni mo máa sáré sọ. Ní Ìlú Ọba, ìjọba ń ṣe àdéhùn iye kan fún iná náà: bí ọjà bá já wálẹ̀ ju iye yẹn lọ, wọ́n á fi kún un fún ilé-iṣẹ́, bó bá ga jù ú lọ, ilé-iṣẹ́ á dá èlé padà. Ní 2019 iye yẹn wálẹ̀ dé £39.65 lórí mẹ́gáwáàtì-wákàtí kan, ní ìṣirò owó 2012. Ní 2023, tí òkè iye tí ìjọba gbà jẹ́ £44 ní ìṣirò kan náà, kò sí ilé-iṣẹ́ tọ́báìnì orí òkun tó wá du àdéhùn náà. Jámánì gba yúrò bílíọ̀nù 12.6 nínú gbàǹjo kan ní 2023. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ó pàtẹ, ẹnikẹ́ni kò yà sí i. Èsì gbàǹjo Dẹ́ńmáàkì ní oṣù Kejìlá 2024 kò yàtọ̀. Iṣẹ́ Hornsea 4 ti Ìlú Ọba ní ìyọ̀ǹda, ó ní àdéhùn owó, síbẹ̀ Ørsted, ilé-iṣẹ́ tó ni ín, dá a dúró ní oṣù Karùn-ún 2025 pé ìnáwó ti ga jù. Ìdí tí mo fi ń wo ìwé owó ni pé ibi tí owó bá ti há ni wọ́n ti máa ń padà wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ìlérí kọ. Bí mo bá rí i pé iná ń jó ilé-iṣẹ́ kan lábẹ́ aṣọ, mo máa ń ṣọ́ ojú ewé ìròyìn ọ́fíìsì ìyọ̀ǹda lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ sì máa wo déètì ìwé ìtọ́sọ́nà tí ẹ bá ń lò. Mo ní ọ̀kan tó ṣàlàyé ọ̀nà líìsì Amẹ́ríkà, mo ti fàlà sí i látòkè délẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 2025, ààrẹ ibẹ̀ bu ọwọ́ lu ìwé tó dá líìsì tuntun dúró ní gbogbo omi ìjọba àpapọ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà mi wà lábẹ́ ife omi báyìí.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Nínú òkìtì ìwé ìyọ̀ǹda, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkópọ̀ tí wọ́n kọ fún aráàlú. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ lè mú nítorí rẹ̀. Ẹ lọ tààrà sí ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀, ibi tí wọ́n to májẹ̀mú (ohun tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe) sí. Ó sábà máa ń wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́tà rẹ̀ kéré. Èmi máa ń fi báírò pupa yí gbogbo “gbọ́dọ̀” po, mo sì ń fi aláwọ̀ búlúù yí “níbi tó bá ti ṣeé ṣe” po. Bí búlúù bá ti pọ̀ ju pupa lọ, mo ti mọ irú lẹ́tà tí mo máa kọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ariwo. Bí òòlù bá ń gbá òpó wọ ìsàlẹ̀ òkun, ìró rẹ̀ lè ba etí ẹranko omi jẹ́, ó sì lè lé ẹja. Ilé-iṣẹ́ kan lè kọ ọ́ pé: “A ó sa gbogbo ipá wa láti dín ariwo kù.” Ta ló máa wọn ipá? Ní Jámánì, nọ́ńbà ni wọ́n kọ: ní mítà 750 sí òpó, ìró ìgbá kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 160 lọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ sínú omi, ẹ kà á, ó tán. Nítorí nọ́ńbà yìí ni àwọn oníṣẹ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ hósì onílùúlùú yí ìdí òpó ká nísàlẹ̀ òkun. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ìfófó á ru sókè bí aṣọ ìkélé, ìró á sì kú sínú rẹ̀. Mo máa ń fi èyí hàn àwọn tó ń sọ fún mi pé májẹ̀mú tó le kò ṣeé ṣe. Májẹ̀mú tún lè pàṣẹ ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀: nígbà tí wọ́n fún iṣẹ́ Hornsea Three ti Ìlú Ọba ní ìyọ̀ǹda ní oṣù Kejìlá 2020, wọ́n ní kó kọ́ ilé tí ẹyẹ kittiwake á máa yé ẹyin sí, nítorí èyí tí abẹ̀bẹ̀ tọ́báìnì lè pa.

Lẹ́yìn májẹ̀mú, ẹ ka orí tó ṣàpèjúwe iṣẹ́ náà, kí ẹ kọ òkè gbogbo nọ́ńbà sílẹ̀: tọ́báìnì tó pọ̀ jù, tó ga jù, wáyà tó gùn jù. Ilé-iṣẹ́ kì í tíì mọ irú tọ́báìnì tó máa rà nígbà tó ń béèrè ìyọ̀ǹda, ìdí nìyí tó fi ń béèrè àpò tó fẹ̀. Ní Ìlú Ọba wọ́n ń fi orúkọ Rochdale pe àpò yìí, nítorí ẹjọ́ kan láti ìlú yẹn. Ohun tó wà nínú àpò ni wọ́n ń fún wọn láṣẹ lé lórí, kì í ṣe àwòrán tó rẹwà. Bí àpò bá sọ pé òkúta lè bo ìdá kan nínú márùn-ún ọ̀nà wáyà, ẹ ṣírò rẹ̀ bíi pé ó máa bò ó, torí òkúta yẹn ni àwọ̀n máa ń kọ́.

Orí kẹta tí mo máa ń kà ni èyí tó sọ nípa àpapọ̀ ipa, ìyẹn ohun tí iṣẹ́ yìí àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ máa ṣe pọ̀. Èyí tó tínínrín jù nínú ìwé ni, ó sì ti gbé àwọn èèyàn ńlá ṣubú. Wọ́n fún Norfolk Vanguard, iṣẹ́ kan ní England, ní ìyọ̀ǹda ní oṣù Keje 2020. Iṣẹ́ èkejì, Norfolk Boreas, fẹ́ lo ibì kan náà lórí ilẹ̀, wọ́n sì sún ìrònú nípa ohun tí méjèèjì máa fi ojú ilẹ̀ ṣe pọ̀ síwájú. Ẹnì kan tó ń gbé ládùúgbò lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, adájọ́ sì fagi lé ìyọ̀ǹda náà ní oṣù Kejì 2021. Ó di oṣù Kejì 2022 kí wọ́n tó rí òmíràn gbà. Ọdún kan gbáko, lórí orí ìwé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣí kọjá.

Lẹ́tà náà

Lẹ́tà tí kò wúlò nìyí, mo sì ti kọ irú rẹ̀ rí: “Iṣẹ́ yìí máa ba ayé àwa apẹja jẹ́. A kò fẹ́ ẹ.” Olùyẹ̀wò á kà á, á káàánú yín, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí ohun tó lè fi í ṣe.

Èyí tó wúlò á rí báyìí:

“Ọkọ̀ wa mẹ́rin ń dẹ ìgèrè akàn sí apá àríwá ọ̀nà wáyà, láti oṣù Kẹta sí oṣù Keje. Orí 14 ìwé yín sọ pé iṣẹ́ ẹja kò pọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ ìtọpinpin nìkan ni ẹ kà. Tiwa kò gùn tó mítà 12. A ń béèrè pé kí ẹ má ri wáyà láàárín oṣù wọ̀nyẹn, kí ẹ sì fi í sínú májẹ̀mú.”

Ibi tó wà, oṣù tó jẹ́, ibi tí ìwé wọn ti ṣì í, ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ. Ọ̀rọ̀ mítà 12 yẹn kì í ṣe àwàdà: ọ̀pọ̀ ọdún ni òfin Yúróòpù fi sọ ẹ̀rọ ìtọpinpin di dandan fún ọkọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ sókè nìkan, nítorí náà máàpù tí wọ́n bá fi í yà máa ń fi òkun hàn bíi pé àwọn kéékèèké kò sí láyé. Ohun tí mo ṣe sí i ni pé mo fún àwọn èèyàn mi ní ìwé pélébé kan láti máa kọ ọjọ́, ibi, àti iye ìgèrè. Wọ́n rojọ́ fún oṣù méjì. Ìwé pélébé tó ti lọ́ràá, tó ń rùn bí ẹja, ni mo so mọ́ lẹ́tà wa, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí ẹnì kan láti ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ pè wá.

Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ọkọ̀ yín á lè wọ àárín tọ́báìnì lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ tán. Àdéhùn 1982 gba kí wọ́n fi mítà 500 ṣe ààlà ààbò yí ohun tí wọ́n kọ́ ká, àmọ́ bí orílẹ̀-èdè ṣe ń lò ó yàtọ̀. Ní Ìlú Ọba, apẹja lè wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn bí iṣẹ́ bá ti parí. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, wọn kò gbà á láyè.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni

Ní England àti Wales, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lẹ ní láti gbé ìyọ̀ǹda lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kò sì ní bá yín wò ó bóyá tọ́báìnì dára tàbí kò dára. Bóyá wọ́n tẹ̀ lé òfin ni wọ́n máa wò. Ẹ rí agbẹjọ́rò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe ìkarùn-ún.

Bí ẹ kò bá lọ sílé ẹjọ́, ohun kan ṣì kù tí mo máa ń wá, ìyẹn owó títú. Vindeby ti Dẹ́ńmáàkì, tó ṣáájú gbogbo wọn láyé, ní tọ́báìnì 11 nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1991, wọ́n sì tú u kúrò ní 2017. Èyí tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún náà máa dàgbà lọ́jọ́ kan. Abala 60 àdéhùn òkun sọ pé kí wọ́n kó ohun tí wọn kò lò mọ́ kúrò kí ọkọ̀ lè kọjá láìséwu, kí wọ́n sì ro ti iṣẹ́ ẹja mọ́ ọn. Ẹ wá ibi tí ìwé ti sọ ẹni tó máa san owó yẹn, àti ọdún tó máa fi sílẹ̀ níbi tí ẹlòmíràn kò ti lè ná an. Nínú ọ̀kan tí mo kà, ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó sílẹ̀. Mo kọ̀wé pé kí ó jẹ́ láti ọdún kìíní, mo sì béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ náà bá ti wọgbèsè ní ọdún kẹwàá. Ìlà kan ni èsì tó wá: wọ́n ti rí lẹ́tà wa. Mo kọ nọ́ńbà èsì náà sẹ́yìn ìwé mi, mo kọ déètì sí i, mo sì tún òmíràn kọ.